Àfọ́kù Tó Kù Léjìká

Àfọ́kù dígí mẹ́sàn-án ló wà lórí bébà lórí tábìlì ọ́fíìsì, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n ń dán. Rọra kò fẹ́ wò wọ́n. Ó wo ẹsẹ̀ tábìlì, ó wo bàtà ọlọ́pàá, ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì. Ṣùgbọ́n bí ahọ́n ṣe ń padà sídìí eyín tó ń dunni, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń padà sórí wọn.

Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì yan èyí tó tóbi jù. Ó mú fáìlì irin, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn, ó fi etí rẹ̀ fa dígí náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dún wínrín. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà lára rẹ̀.

"Ó rọ̀," obìnrin náà wí.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Létí Rọra, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n.

"Ṣé mo sọ àbí n ò sọ?" Ọ̀gá ilé ìfọṣọ náà ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Má-dúró lẹ́yìn rẹ̀, torí pé láti àárọ̀ di alẹ́, "ẹ má dúró, ẹ má dúró" lorin ẹnu rẹ̀. "Èyí tó le wà nínú sítóò, èyí tó rọ̀ ló lọ mú. Ó fẹ́ẹ̀ pa ọmọ ìyá ẹ̀!"

"Ọ̀gá, èmi..." Rọra bẹ̀rẹ̀.

Báyìí lọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀. Nínú ilé ìfọṣọ yìí, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn, bọ́ílà ńlá kan wà tó ń se omi, tí ooru rẹ̀ sì ń mú aṣọ gbẹ. Iwájú bọ́ílà náà ni ọ̀pá dígí kan dúró sí, ó gùn tó apá, inú rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ibi tí omi inú bọ́ílà dé. Rọra ló máa ń gé ọ̀pá dígí náà, òun ló máa ń dè é síbẹ̀. Torí pé kò sí ohun tó ń fi ìkánjú ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Rọra. Láàárọ̀ àná ló de tuntun. Kí oòrùn tó kúrò látàrí, dígí náà bú gbàù. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń koná bọ́ílà, ló wà níwájú rẹ̀.

Wọ́n ti yọ dígí lójú rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ láyà rẹ̀, wọ́n sì ti da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹyọ kan ló kù tó wọ èjìká lọ, tó sún mọ́ iṣan ọrùn. Dókítà ní ó di ọ̀sán òní kí òun tó lè fọwọ́ kàn án. Àbúrò kò tíì lajú.

Sájẹ́ńtì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lápò. "Mà, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ jẹ́ ká máa mú un lọ."

"Ìwọ àti Má-dúró, ṣé ọmọ ìyá kan náà ni yín?" obìnrin náà bi í. "Fún mi láyè títí di aago méjì."

Má-dúró rún ojú pọ̀. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín, mà?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé ìtọ̀ yín."

Òun náà ní orúkọ tirẹ̀. Olójú-Mẹ́rin ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí gíláàsì ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ló máa ń lọ gíláàsì ojú lórí òkúta fún àwọn tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn ló sì dàgbà sí. Ó lé gbogbo ènìyàn síta, ó ku Sájẹ́ńtì àti Rọra.

"Jókòó. Báwo lo ṣe ń mọ èyí tó le yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀?"

"Mo... mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni, mà."

Olójú-Mẹ́rin fa bébà kékeré kan yọ, ó tì í síwájú rẹ̀. "Kà á fún mi."

Rọra wo bébà náà. Àwọn lẹ́tà dúró síbẹ̀ bí èèrà tó sọ ihò rẹ̀ nù. Òógùn bọ́ sílẹ̀ láti iwájú orí rẹ̀.

"Má purọ́ fún mi mọ́," obìnrin náà sọ, kò sì pariwo. "Irọ́ ló ń so okùn mọ́ aláìṣẹ̀ lọ́rùn."

"Ìwé méjì péré ni mo kà, mà. Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Tí mo bá fẹ́ gé ọ̀pá dígí, mo máa kọ́kọ́ fi fáìlì fà á. Èyí tó rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni, fáìlì á ti jẹ ẹ́. Èyí tó le, fáìlì á máa yọ̀ lára ẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó jẹ ẹ́."

"Láàárọ̀ àná ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ìbéèrè tí Rọra fi gbogbo òru bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ọwọ́ yóò sọ̀rọ̀.

"N ò rántí."

"O ò rántí?"

"Ọ̀gá dúró lé mi lórí. Ó ń pariwo pé kí n má dúró, pé aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ já. "Mà, tó bá jẹ́ pé èyí tó rọ̀ ni mo mú... tó bá jẹ́ èmi ni... ẹ má wulẹ̀ dúró di aago méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú mi lọ."

Sájẹ́ńtì fa ìwé rẹ̀ jáde. "Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ó fẹ́ wó ògiri tó wà láàárín yàrá mi àti tiẹ̀, kí àyè lè gba ìyá wa. Mo ní ògiri bàbá mi ò ní wó lójú mi."

"Kí lo wá sọ fún un?"

Rọra tún wo ẹsẹ̀ tábìlì.

"Mo ní ojú ẹ̀ á rí nǹkan."

"Ó sì ti rí i," ni Sájẹ́ńtì wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

*

Sítóò kò ju yàrá kan lọ, àwọn ọ̀pá dígí sì dúró nínú àpótí igi gígùn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìyá Sítóò, obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́.

"Èyí tó le ló wà lọ́tùn-ún, ti bọ́ílà nìyẹn. Èyí tó rọ̀ ló wà lósì, ti ẹ̀rọ omi tútù, kì í rí iná. Bó ṣe wà láti ọjọ́ táláyé ti dáyé nìyẹn."

"Bébà tó wà lára àpótí yìí tuntun," Olójú-Mẹ́rin sọ.

Ìyá Sítóò dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀.

"Òjò wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pa àwọn ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Èmi ni mo lẹ òmíràn mọ́ ọn."

Ìrètí sọ lọ́kàn Rọra. Bóyá ó ṣì í lẹ̀! Bóyá òun lọ sápótí ọ̀tún bí òun ti máa ń lọ, tó sì jẹ́ pé obìnrin yìí ti to èyí tó rọ̀ síbẹ̀. Ìtìjú ìrètí yẹn mú un, nítorí Ìyá Sítóò ti bá a dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí nígbà tí ọ̀gá fẹ́ lé e. Síbẹ̀ ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ obìnrin náà ló ṣe é. Ìbẹ̀rù a máa sọ ènìyàn di ìkà.

"Ẹ wò mí dáadáa o," Ìyá Sítóò kọjú sí Sájẹ́ńtì, "mo ti ń to nǹkan sínú sítóò yìí láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbé ìwọ pọ̀n!"

Olójú-Mẹ́rin kò dá sí wọn. Ó ṣẹ́ ìwọ̀n ìka kan nínú ọ̀pá ọ̀tún, ó ṣẹ́ ìwọ̀n ìka kan nínú ti òsì. Ó fi ti ọ̀tún ha ti òsì. Ìlà funfun. Ó fi ti òsì ha ti ọ̀tún. Ó yọ̀, kò sí nǹkan kan. Ó ṣẹ́ méjì mìíràn, ó tún un ṣe. Bákan náà ni.

"Bébà kò purọ́," ó wí. "Ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀."

Rọra fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ ti tún padé.

"Mà," Sájẹ́ńtì ní, "dígí kan náà ni gbogbo ẹ̀ lójú tèmi. Kí ló jẹ́ kí ọ̀kan le ju ìkejì lọ?"

Olójú-Mẹ́rin bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Yanrìn ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, iná ló yọ́ wọn. O mọ̀ pé ohun gbogbo láyé, ẹyọ tíntìntín tí ojú ò lè rí ló para pọ̀ di í. Átọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Nínú iyọ̀, wọ́n tò bíi bíríkì lára ògiri. Ti dígí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí èrò tó sá sábẹ́ òrùlé nígbà tí òjò dé lójijì: kò sí ìlà, kò sí ètò, ibi tí oníkálukú bá ara ẹ̀ ló dúró sí."

"Kí ló wá mú un le?"

"Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Àwọn àgbà inú wọn, ọwọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ní, wọ́n sì fi gbogbo ẹ̀ di ẹlòmíràn mú. Ṣùgbọ́n irú yanrìn bẹ́ẹ̀ kì í tètè yọ́. Kó lè yá, wọ́n á da sódà sí i. Sódà ni àlejò tó wọ àárín ẹbí, tó ń já ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kúrò lọ́wọ́ àbúrò. Ọwọ́ tó di ara wọn mú á dín kù. Fáìlì á kàn án, ọ̀rọ̀ á bẹ́ sílẹ̀. Èyí tó le, wọ́n dín sódà ẹ̀ kù, wọ́n fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bórónì sí i, torí bórónì máa ń bá wọn di ọwọ́ mú ni, kì í já a. Ìdí nìyẹn tí èyí tó le fi ń ha èyí tó rọ̀, tí èyí tó rọ̀ ò sì lè ha èyí tó le. Kò gbẹ̀bẹ̀, kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀."

Rọra gbọ́ "ẹ̀gbọ́n," ó gbọ́ "àbúrò," ó sì ronú kan ògiri kan tí kò tó nǹkan nínú ilé kan tí kò tó nǹkan.

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀," Sájẹ́ńtì wí, ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú, "òun ló lọ sápótí òsì fúnra ẹ̀."

Olójú-Mẹ́rin fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú, ó jáde.

*

Iyàrá bọ́ílà ṣì ń rùn bí ilẹ̀ tútù tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Iná ti kú. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ògiri, ó ti gbẹ, ó ti dúdú. Rọra kọ ẹ̀yìn sí i. Má-dúró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

Olójú-Mẹ́rin wo ògiri pẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ wà lára ògiri, ó wà nílẹ̀. Kí ló dé tí kò sí ẹ̀kán kan lára àwọn àfọ́kù mẹ́sàn-án?"

"Mo fọ̀ wọ́n ni, mà," Má-dúró wí. "Ilé ìfọṣọ nibí. Kí là kì í fọ̀?"

Òṣìṣẹ́ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè gbé e mì.

"Ta ló gbá wọn jọ?"

"Èmi fúnra mi. Kí ẹlòmíràn má baà tún fara pa."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ tó wà nílẹ̀. Dígí tó bú náà ni, kò sí òmíràn níbẹ̀."

"Sájẹ́ńtì, kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀gá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Má-dúró gba kálàmù. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á, ọwọ́ òsì ló fi kọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà rìn wọ́gọwọ̀gọ lórí ìwé bí ẹni tó mutí yó.

Rọra rí i. Ẹni tí kò mọ ìwé a máa mọ ènìyàn kà. Fún ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló ti ń gbá tábìlì, òun ló ti ń ju kọ́kọ́rọ́ sí wọn láyà. Ó la ẹnu. Má-dúró wò ó, ìwò kan péré. Ó pa ẹnu dé. Ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀, òun tí wọ́n ti fẹ́ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́?

Olójú-Mẹ́rin ti gun àkàbà. Irin kékeré kan wà lókè bọ́ílà tó máa ń dìde fúnra rẹ̀ bí ooru inú rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, kí ó lè tú u síta. Fáàfù ni wọ́n ń pè é. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Láná, ṣé fáàfù yìí ń dìde dáadáa?"

"Dáadáa ni, mà," Má-dúró dáhùn.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Aago ti lé ní méjìlá. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

"Èmi náà ń bọ̀," Má-dúró wí. "Ó yẹ kí n kí ìyá wọn."

*

Ìyá wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ funfun gígùn kan. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rọra kí i. Kò dáhùn. Kò sì gbé báàgì náà kúrò.

"Sọ fún mi pé kì í ṣe ìwọ," ló wí nígbẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ló ń wò.

Irọ́ kan péré ni ì bá tù ú nínú. Ó wà lórí ahọ́n Rọra.

"N ò mọ̀, ìyá mi. N ò mọ̀."

Ìyá arúgbó náà mi orí bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà jáde, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú abọ́ irin kékeré kan lọ́wọ́. "Ó ṣì ń mí," dókítà wí. "Ohun tí mo lè sọ báyìí nìyẹn." Nínú abọ́ náà, àfọ́kù dígí kan tí kò ju èékánná lọ wà nínú omi pupa.

Olójú-Mẹ́rin ní kí wọ́n ṣàn án. Ó tú bébà rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án, ó na méjèèjì sí Rọra.

"Èmi kẹ̀, mà?"

"Ọwọ́ rẹ ló mọ dígí jù níbí. Fi ti èjìká ha ti ilẹ̀."

Rọra gbà wọ́n. Ó mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, a jẹ́ pé dígí rírọ̀ ló wọ ara àbúrò òun, ọwọ́ òun ló sì mú un wá láti àpótí òsì. Ó fi ìka méjì mú dígí náà. Ìka náà dúró gbọn-in, bí iṣẹ́ ti kọ́ wọn.

Ó fà á.

Ó dún wínrín. Ìlà funfun kan là lára dígí ilẹ̀, ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná fi lè há sí i.

"Yí i padà," Olójú-Mẹ́rin wí.

Ó fi ti ilẹ̀ ha ti èjìká. Ó yọ̀. Ó tún un ṣe, ó yọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, eruku funfun kékeré kan ló kù, nígbà tó fẹ́ ẹ nù, ojú dígí náà dán bó ṣe wà.

"Ó ń yọ̀," ló wí. Omi ti bò ó lójú. "Ìyá mi, ó ń yọ̀! Èyí tó le ni mo mú!"

Sájẹ́ńtì gba àfọ́kù méjèèjì, ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún. "Ẹ dúró ná. Dígí kan ṣoṣo ló bú. Báwo ló ṣe wá di oríṣi méjì?"

"Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn," Olójú-Mẹ́rin wí. "Èyí tó wọ ara ènìyàn, ìbúgbàù ló gbé e síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ rẹ̀. A jẹ́ pé àwọn mẹ́sàn-án yìí ò sí níbẹ̀ lánàá rárá. Ẹnìkan ló gbá ti gidi dànù, ó fọ́ ọ̀pá kan láti àpótí òsì, ó dì í fún wa. Kò rántí pé ẹyọ kan ṣì kù tí ìgbálẹ̀ òun ò lè dé. Ka ìwé rẹ, Sájẹ́ńtì. Ta ló fọwọ́ sí i pé òun ló gbá gbogbo rẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Má-dúró. Kò mira.

"Mo lè ti ṣì í gbá. Dígí wà káàkiri ilé ìfọṣọ. Bó sì le, bó sì rọ̀, òun náà ló bú, Rọra náà ló dè é! Ẹ̀rí wo lẹ ní?"

"Dígí tó le kì í ṣe dígí tí kì í fọ́. Bí ooru bá ti tì í kọjá agbára rẹ̀, á fọ́. Mo rí ìlà méjì tuntun lára irin fáàfù, wáyà ló ha á. Ẹnìkan so fáàfù mọ́lẹ̀ kí ooru lè pọ̀ sí i, kí aṣọ lè tètè gbẹ. Wáyà náà ni n ò rí."

"Ẹ lọ wá a nígbà náà," Má-dúró wí, ó sì yí padà láti máa lọ.

"Ọwọ́ ọ̀tún yín, ọ̀gá."

Ohùn Rọra ni. Ó ya òun gan-an lẹ́nu.

"Kí ló ṣe é?"

"Láti àárọ̀... ẹ ò yọ ọ́ lápò. Òsì lẹ fi kọ̀wé. Ọdún mọ́kànlá, ọ̀gá. N ò rí i rí."

Sájẹ́ńtì súnmọ́ ọn. Má-dúró wá yọ ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìlà pupa kan là á já láti ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò dé ìdí ìka kékeré, kò nípọn ju wáyà lọ.

"Ó gbóná nígbà tí ẹ tú u," Olójú-Mẹ́rin wí.

"Ilé ìwòsàn ní aṣọ gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú." Ohùn ọ̀gá ti tinrin. "Mo ní fún wákàtí kan péré. N ò mọ̀ pé... N ò fẹ́ kó fara pa."

"Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ̀wọ̀n." Olójú-Mẹ́rin ká bébà rẹ̀. "Ẹ má dúró mọ́, ọ̀gá. Sájẹ́ńtì ń retí yín."

Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ti jìnnà, Rọra ṣì dúró sójú kan náà. Kò sí nǹkan tó yí padà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Àbúrò kò tíì lajú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé dígí ti ya òun látàǹpàkò, òun kò sì mọ̀.

Ìyá rẹ̀ gbé báàgì sórí itan.

"Jókòó."

Ó jókòó. Ìyá náà fi etí ìborùn rẹ̀ wé àtàǹpàkò náà, ó dì í mú, kò fi í sílẹ̀.

"Tó bá jí," Rọra wí, "kó wó ògiri yẹn. Kó wó o."

"Òun ni kó o sọ ọ́ fún," ìyá rẹ̀ dáhùn.

Àwọn méjèèjì kọjú sí ilẹ̀kùn, ọwọ́ nínú ọwọ́, wọ́n ń dúró.